Ọjọ́ Orí Ìbọn Tí Mo Fọ̀

Òórùn epo ìbọn kì í jọ òórùn epo mìíràn. Ó máa ń fẹ́lẹ́, ó sì máa ń dùn díẹ̀ nímú, bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta epo sí. Òórùn yẹn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì Bàbá ní Peckham, òun àti òórùn róòbù tí àwọn àgbà fi ń pa orúnkún. Oṣù Ààwẹ̀ ni. Mọ́sálásí wa ti pín wa pé ká máa gbé oúnjẹ ìṣínu lọ fún àwọn àgbà tó ń dá gbé, Bàbá yìí sì bọ́ sí ọwọ́ mi. Mo gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta torí pé líìfù ti bàjẹ́, mo sì dúró díẹ̀ kí èémí mi lè balẹ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣí i, kò tilẹ̀ wo oúnjẹ tí mo gbé dání. Ojú mi ló wò. Ó ní, "Wọlé wá jókòó. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Mi ò lè sọ fún ọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wọ̀ mí lára tó. Ní ọdún náà, kò sí ẹni tó gbà pé ó ń rẹ̀ mí. Pọ́tà ni mí ní ọsibítù. Àwọn tí wọn kò lè rìn ni mo ń tì kiri lórí ibùsùn onítáyà, láti wọ́ọ̀dù dé ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, láti wọ́ọ̀dù dé ibi iṣẹ́ abẹ, láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán. Tí mo bá délé, orí àga pálọ̀ ni oorun ti máa ń gbé mi lọ kí oúnjẹ tó dé iwájú mi. Ìyàwó mi náà ń ṣiṣẹ́, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nílé wọn, kì í sì í sinmi. Irú oorun bẹ́ẹ̀ máa ń bí i nínú. Á ní, "Daddy, àwọn mate yín ń ṣe two jobs o. Ẹ wo ọkọ Aunty tó wà ní New Cross, same age pẹ̀lú yín. Ó ń ṣe weekend, ó ń ṣe bank holiday, kò kú." Ohun tí mo lè fi dá a lóhùn wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹnu mi lè sọ nígbà náà.

Lórí tábìlì Bàbá ni mo ti kọ́kọ́ rí àwọn ìbọn náà. Mẹ́fà ni wọ́n, ìbọn ìléwọ́ tó ní ilé ọta tó ń yí po láàárín, èyí tí òyìnbó ń pè ní revolver. Ó tò wọ́n sórí aṣọ rírọ̀ aláwọ̀ ewé bí ẹni to ẹja gbígbẹ sórí àtẹ. Mo wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má fòyà, pé àgbà ni gbogbo wọn, wọ́n dàgbà ju baba tó bí òun lọ. Ó ti ṣiṣẹ́ irin rí ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gbẹ́ irin wẹ́wẹ́ fún ẹ̀rọ, kí wọ́n tó tì í pa. North Peckham Estate ló ń gbé títí wọ́n fi wó ibẹ̀, ó sì sọ fún mi pé inú páálí bàtà ni ìbọn àkọ́kọ́ tí òun rà wà lọ́jọ́ tí àwọn kó jáde. Ó ṣàlàyé pé òfin ìlú yìí gba èèyàn láyè láti gbé ìbọn tó ti dàgbà sínú dígí fún wíwò lásán, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ṣe irú ọta tó ń lò mọ́, tí olúwa rẹ̀ kò sì wá ọta kiri.

"Ṣùgbọ́n tó ò bá lè sọ ọjọ́ orí ẹ̀, my son, kì í ṣe antique mọ́. Ìbọn lásán ni. Prison straight."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú nìyẹn, kódà lẹ́yìn tí ààwẹ̀ ti parí. Ó fún mi ní awò kékeré kan tó ń mú nǹkan tóbi lójú, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò. Àwọn òǹtẹ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ wá, àwọn àmì kéékèèké tí ìjọba ìlú tí wọ́n ti ṣe ìbọn náà fi ń lù ú lára lẹ́yìn tí wọ́n bá dán an wò. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, wọ́n sì máa ń yí i padà láti ìgbà dé ìgbà, ìyẹn lẹni tó mọ̀ ọ́n fi ń ka ọdún. Àpẹẹrẹ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ti àwọn ará Belgium: òǹtẹ̀ wọn rí roboto bí ẹyin, lẹ́tà mẹ́ta àti ìràwọ̀ kékeré wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wá ń fi adé lé òǹtẹ̀ náà lórí. Èyí tí kò bá ti ní adé, àgbà ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàá wo nọ́ńbà, bóyá ọ̀kan náà ló wà lára gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Wàá wo orí síkúrù, bóyá ẹnì kan ti tú u rí. Bàbá kórìíra kí èèyàn gbé ìwé ṣáájú. "Ìwé lè gbé ohun tó bá wù ú," ló máa ń wí. "Irin ni kó o bi."

Kí n má parọ́ fún ọ, kì í ṣe ìbọn gan-an ló ń gbé mi lọ síbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìjókòó ni. Nínú yàrá yẹn, kò sí rédíò kékeré kankan ní ìgbànú mi tó ń ké pé kí n máa bọ̀ ní àjà kẹrin. Nǹkan tí mo dì mú kò ju kí n fi ọwọ́ kan gbé e lọ. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà kì í sọ, a óò kàn máa wo irin. Tí mo bá sì rí òǹtẹ̀ kan tí mo dá mọ̀ láìjẹ́ pé ó sọ fún mi, inú mi á dùn bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ka álífù ní ilé kéú. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kankan ti mú inú mi dùn bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá, mo fẹ́ ní tèmi. Mo lọ sí gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Elephant and Castle níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ohun àtijọ́ ní ọjọ́ Sátidé, mo sì ra ìbọn ìléwọ́ kékeré kan tó dọ̀tí tó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ní ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀, mo rí ohun roboto kan tó dà bí òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ti bò ó, mi ò lè kà á. Mi ò ṣe wàhálà, torí pé ẹni tó tà á fún mi fún mi ní ìwé. Ìwé náà nípọn, ó ní àmì pupa ńlá nísàlẹ̀, ó sì sọ pé ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n ṣe ìbọn náà. Ìwọ náà mọ àwa àti ìwé tó bá ti ní àmì pupa. A lè fi í sí férémù. Gbogbo ohun tí Bàbá kọ́ mi nípa irin ló fò lọ lórí mi, mo ká ìwé mi sínú àpò àyà, mo wọ bọ́ọ̀sì relé bí ọba.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e, ọmọ ilẹ̀ wa nìkan ló lè ṣe é. Mo fẹ́ gbé ìbọn náà lọ fi han Bàbá lọ́jọ́ kejì, ta ló sì máa ń gbé ohun ìdọ̀tí síwájú àgbà? Nílé wa, tí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá mi á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ búta onídẹ baba mi títí èèyàn á fi lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ra ọsàn wẹ́wẹ́ ní Rye Lane. Ti eérú ló fẹ́ ṣòro nínú London yìí, àfi ìgbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sun súyà. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó sì bù ú sínú ọ̀rá fún mi. Mo fi kànrìnkàn onírin ha ìbọn yẹn, mo tún fi sáńpépà parí ibi tó bá ṣorí kunkun. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ń dán bíi ṣíbí tuntun. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì kí omi lè gbẹ lára rẹ̀, oorun sì gbé mi lọ lórí àga.

Igbe ìyàwó mi ló jí mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí.

"Gun! Daddy, gun! Nínú ilé mi? Ní Peckham?"

Mo sáré ṣàlàyé pé ohun àtijọ́ ni. Ó ní, "Àtijọ́ wo? Ó ń shine! Tí police bá wọlé báyìí, ṣé wọ́n máa jókòó kí ẹ sọ ìtàn fún wọn?" Mo gbé ìwé mi síwájú rẹ̀. Ó kà á, ó jù ú sórí tábìlì, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè tẹ irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti bá mi wá iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ní ibi ìkẹ́rùsí kan, gbígbé páálí. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí mi. "Ẹ ní ó ń rẹ̀ yín, ẹ wá ní strength láti máa fọ gun. Okay. Mo fún yín di Friday. Tí ẹ ò bá mú proof wá pé nǹkan yìí dàgbà lóòótọ́, mo máa gbé e fún police fúnra mi, ẹ sì máa lọ síbi iṣẹ́ yẹn. Kò sí Sunday-Sunday kankan mọ́."

Mi ò bá a jà. Kò jẹ̀bi. Àmọ́ nígbà tí mo ronú kan Sátidé yẹn, páálí lé páálí lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tí mo ti fi ti ibùsùn, omi bọ́ lójú mi. Jẹ́ kí n wá sọ fún ọ ohun tí mi ò lè sọ fún un. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí nínú ìwé. Nínú ara mi, márùndínláàádọ́rin ni mí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì kan yọ nílé, wọn kò sì fẹ́ ẹni tó bá ti ju iye ọdún kan lọ. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sí kóòtù, mo búra, a yọ ọdún méje kúrò. Ọ̀pọ̀ wa la ṣe irú ẹ̀. Iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí náà bá mi wọ páásípọ́ọ̀tù, ó bá mi wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó bá mi dé ibi iṣẹ́. Òun náà ni mo sọ fún ìyàwó mi nígbà tí mo fẹ́ ẹ ní ìlú yìí, mo sì ń fi dáì sí irùngbọ̀n mi kó má bàa tú àṣírí. Ọkọ Aunty ti New Cross kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Àbúrò àbúrò mi ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo gbé ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Ó gbà á, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gbé awò rẹ̀ sójú, ó wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí òǹtẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ti mọ́ tónítóní.

"Ta ló ní kó o fọ̀ ọ́?"

"Mo ní kí n má gbé ìdọ̀tí wá fún yín ni, sà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ọdún ìbọn wà nínú ìdọ̀tí yẹn, pé mo ti fi ọwọ́ ara mi fá ẹnu irin tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un nípa Friday àti ti ibi ìkẹ́rùsí. Kò bá mi wí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó fi irinṣẹ́ kan wọn ẹnu ilé ọta, ó wo inú ìwé ńlá kan, ó ní ti ọta kò sí ìyọnu, ó ti pẹ́ tí wọn kò ti ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ orí ìbọn ló kù. Ó ní nígbà mìíràn wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ mìíràn sí abẹ́ igi èèkù, níbi tí ọ̀tá ìdọ̀tí bí èmi kò lè dé. Ṣùgbọ́n síkúrù igi náà ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Bí a bá fi agbára tú u, orí rẹ̀ á já. Ó ta epo sí i, ó wé e mọ́ àkísà, ó ní kí n padà wá ní Thursday.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Mo ń ti àwọn aláìsàn kiri, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Obìnrin kan tí mo ń tì lọ síbi iṣẹ́ abẹ gbé orí sókè láti orí ibùsùn, ó bi mí bóyá ara mi le. Mo rẹ́rìn-ín fún un. Nílé, fọ́ọ̀mù iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ wà lórí tábìlì oúnjẹ, ìyàwó mi ti bá mi kọ orúkọ mi sí i, ó ti kọ ọjọ́ ìbí mi sí i pẹ̀lú. Ìbùwọ́lùwé mi nìkan ló kù. Mo máa ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò.

Ní Thursday, mo ti ibi iṣẹ́ gba ilé Bàbá lọ tààrà. Ó ń dúró dè mí. Ó fi irinṣẹ́ sí orí síkúrù náà, ó dì í mú ṣinṣin, ó yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ̀n, ó sì yọ. Bàbá ṣí igi èèkù náà kúrò. Abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó sì gbẹ, bó ṣe wà láti ìgbà tí wọ́n ti pa á dé. Ó fi òwú nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wá nawọ́ awò náà sí mi. "Kà á fún mi."

Mo wò ó. Ó rí roboto bí ẹyin. Lẹ́tà mẹ́ta. Ìràwọ̀ kékeré nísàlẹ̀. Mo wo orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kò ní adé, sà."

Bàbá gba awò, òun náà wò ó. Ó mú ìwé alámì pupa tí mo rà, ó kà á, ó ṣẹ̀rín músẹ́. "Ìwé ẹ sọ pé ìgbà ogun. Nǹkan yìí dàgbà ju ìgbà ogun lọ dáadáa. Ẹni tó kọ èyí ti gé lára ọjọ́ orí ẹ̀."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mo rí i pé ẹkún ni. Bàbá kò béèrè kí ló dé. Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó bu omi fún mi, ó wá ní, "Tìẹ ń kọ́? Mélòó lo gé?"

"Méje, sà."

"Èmi gé mẹ́rin." Ó ń dá síkúrù padà bó ṣe ń sọ ọ́. "Ìyàwó ẹ mọ̀?"

"Rárá, sà."

"Ìyẹn, mi ò lè bá ẹ tú u." Ó kọ ohun tí ó rí sínú bébà, ó ya àwòrán òǹtẹ̀ náà, ó buwọ́ lù ú, ó ní kí n máa lọ kí oúnjẹ mi tó tutù.

Mo délé, mo gbé ìbọn àti bébà Bàbá síwájú ìyàwó mi, mo fi abẹ́ èèkù hàn án nínú àwòrán. Ó kà á dáadáa. Ó ní ó dára, kó máa gbé inú àpótí onídígí tó ní àgádágodo, kí òun má sì rí i ní ìdáná òun mọ́. Lẹ́yìn náà, ó fa fọ́ọ̀mù yẹn sún mọ́ mi, ó fi bírò lé e. Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kóòtù, ìbúra, ọdún méje, dáì. Mo rí i tó ń fi ìka ka nǹkan lábẹ́ tábìlì.

"Sixty-five?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Sixty-five ni mo ń rán lọ gbé rice láti Rye Lane? Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni mo ń pè ní ọ̀lẹ?" Ó dìde. Inú wá bí i nísinsìnyí. "Twenty-two years, Daddy! Mo bá yín sùn fún twenty-two years, mi ò mọ iye ọdún yín!" Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sídìí fọ́ọ̀mù náà, èmi nìkan. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa fún un, bó ti wù kí ìdí rẹ̀ dára tó, mi ò sì mọ ẹ̀bẹ̀ tó lè tó irọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ Friday, bí mo ṣe ń wọ aṣọ iṣẹ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìdáná, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Daddy ò ní lè wá o. Rárá, wọn ò sick. Wọn ò gba iṣẹ́ ibòmíì." Bóyá ọ̀rẹ́ náà ń da ìbéèrè bò ó. Ó wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ le, bíi pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jiyàn kó jáde wá: "Wọ́n ti dàgbà ni."

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bọ́tìnì kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò tíì dè. Ó yẹ kí ojú tì mí. Títí dòní, ìwé mi kò yí padà, ó sì ti pẹ́ jù láti yí i. Mo ṣì ń ti ibùsùn, ibi iṣẹ́ ṣì ń kà mí mọ́ àwọn tó kéré sí mi, ọdún tí ìjọba máa fún mi ní owó ìfẹ̀yìntì ṣì jìnnà sí ọdún tó yẹ. Ó ń rẹ̀ mí bó ṣe ń rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé kan ṣoṣo ní gbogbo Peckham, ọjọ́ orí mi pé láìdín kan.